Ọpọlọ Ọmọ Kì í Gbó ní Ọjọ́ Kan

Àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu ní oṣù kẹta kì í wà á ní oṣù karùn-ún, kí ó sì máa bínú pé kò ta. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí òbí mọ ìgbà tí ọgbọ́n ọmọ ń gbó.

Ọpọlọ ọmọ tuntun kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti àgbà lọ ní ìwúwo. Nígbà tí ọmọ bá pé ọdún 6, ó ti tó nǹkan bí 90 nínú 100 ti àgbà ní títóbi. Ṣùgbọ́n títóbi kọ́ ni gbígbó. Apá tí ń ṣe iṣẹ́ ìríran àti ìrìn ni ó ń ṣáájú gbó. Èyí tí ó wà lẹ́yìn egungun iwájú orí, tí ń wí fún ènìyàn pé, “Dúró ná, kí ni yóò tẹ̀yìn èyí yọ?” ni ó ń kẹ́yìn. Kì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25.

Ẹ̀yin òbí ní Ajégúnlẹ̀, ẹ rò ó wò. Tírélà àti tánkà epo ń lọ, wọ́n ń bọ̀ ní ojú ọ̀nà èbúté Àpápá. Ọmọ kékeré lè rí tírélà kedere, síbẹ̀ kí ó má lè díwọ̀n bí ó ti ń yára bọ̀. Bí a bá gbé igbá ọjà lé e lórí kí ó máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀, iṣẹ́ tí ọpọlọ rẹ̀ kò tíì lè ṣe ni a rán an. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007, kọ̀ kí a máa fi ọmọ kiri ọjà ní òpópónà.

Ti ọ̀dọ́ yàtọ̀. Ìfẹ́ ìgbádùn àti ìyìn ẹgbẹ́ a máa ṣáájú ìkóra-ẹni-níjàánu. Ní ọdún 2005, Margo Gardner àti Laurence Steinberg ní Amẹ́ríkà fi eré ìwakọ̀ orí ẹ̀rọ dán ènìyàn wò. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 fi ara wewu gidigidi nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà lọ́dọ̀ wọn ju ìgbà tí wọ́n dá wà lọ; ti àwọn àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ó gbọ́n nílé lè ṣe bí òmùgọ̀ ní ìta, kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ ilé ti sọnù.

Ohun tí òbí yóò ṣe:
1. Kí ó di ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 mú bí wọ́n bá ń sọdá títì.
2. Kí ó fún ọmọ ní ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, kí ó sì jẹ́ kí ó sùn tó. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà jọ.
3. Kí ó kìlọ̀ fún ọ̀dọ́ nípa igbó àti ọtí, tí ń ba ọpọlọ tí kò tíì gbó jẹ́.
4. Kí ó tó bá ọ̀dọ́ wí, kí ó bi í pé, “Kí ni o rò pé yóò ṣẹlẹ̀?” Ìdáhùn ni yóò kọ́ ọ láti máa ro iwájú.

Ẹ máa yá ọmọ ní ọgbọ́n yín, títí tirẹ̀ yóò fi gbó.