Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Dowa tí Ẹ Fẹ́ Ṣe Rọ́bọ́ọ̀tì Aláfẹ́fẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Dowa, àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), inú mi dùn pé ẹ fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì tí kò ní irin nínú, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń mú un ṣiṣẹ́. Ẹ gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí lọ́wọ́ mi.

1. Ẹ má dúró de owó ńlá. Láti ọdún 1985 tí Fadá Godfrey Nzamujo ti dá ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Songhaï sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n ti ń fi hàn wá pé ohun tí ẹlòmíì dà nù wúlò. Náílọ́ọ̀nù tó nípọn, áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ, rọ́bà tóóró àti sírínjì tí ẹ ó fi ti afẹ́fẹ́ wọlé ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí sírínjì náà jẹ́ tuntun, kí ẹ sì yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣa èyí tí wọ́n ti fi gún aláìsàn.

2. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí rọ́bọ́ọ̀tì fi ń ká. Ibi gbogbo ni afẹ́fẹ́ ń tì bákan náà. Bí ẹ ṣe gé ara rọ́bọ́ọ̀tì ni yóò ṣe rìn. Bó bá jẹ́ ìka rọ́bà tó ń nà, tí ẹ lẹ aṣọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì nìkan ni yóò gùn sí i, ìka á sì ká sí ọ̀dọ̀ aṣọ. Náílọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ nà. Bí ẹ bá pín in sí yàrá kéékèèké, tí yàrá kọ̀ọ̀kan wú, gígùn rẹ̀ á dínkù. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀dọ̀ náílọ́ọ̀nù ni páálí á ká sí.

3. Ẹ fara balẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ náílọ́ọ̀nù pọ̀. Ẹ fi bébà sáàárín áyọ́ọ̀nù àti náílọ́ọ̀nù kó má baà yọ́, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Ẹ ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà, kí ibẹ̀ má lẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí ẹ sì rì í sínú omi bí àwọn tó ń lẹ táyà ṣe ń ṣe. Ibi tó bá ń hó ló ń jò.

4. Ẹ má fi ipá fẹ́ ẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà. Ó lè bẹ́ mọ́ yín lójú. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ náà tó: ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ George Whitesides, ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí kò ní egungun. Afẹ́fẹ́ tí kò lágbára púpọ̀ ló fi wọ́ nílẹ̀, tó sì gba abẹ́ àlàfo tóóró kọjá.

5. Ẹ ṣe é fún ẹni tó nílò rẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Joseph McKibben, ṣe iṣan aláfẹ́fẹ́ nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú lọ́wọ́. Ẹ wo àwọn ìyá wa tó ń ta tòmátì lọ́jà Ouando: ọwọ́ irin lè fọ́ tòmátì, ọwọ́ rírọ̀ á gbé e láìha á lára.

6. Ẹ kọ ohun gbogbo tí ẹ bá ṣe sílẹ̀, ẹ má ti àwọn ọmọbìnrin sẹ́yìn, kí ẹ sì kọ́ àwọn àbúrò yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo. Bó bá ká dáadáa, ẹ ṣe èkejì.