Magí kì í ṣe àrọ́pò iyọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo tún bá ọ̀kan nínú yín lọ́jà Akẹ̀sán: dókítà ní kó dín iyọ̀ kù torí àyà tó ń lù ségesège, ló bá ń ra Magí. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú Magí o! Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, kò kún ṣíbí tíì kan, ti Magí sì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí àyà tèmi ń lù bí ọmọ àyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ dùndún, irú àti ata ni mo fi ń se ọbẹ̀. Ẹ tọ́ irú wò kí ẹ tó rà á; àwọn kan ti fi iyọ̀ sí i.

Ẹ̀yin tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí àyà yín, ẹ má sá fún ẹ̀fọ́: ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ máa jẹ, kí dókítà sì mọ̀.