Bẹ́ ẹ bá gbowó ínṣọ́ránsì lórí ọkọ̀ yín lónìí, èló lẹ máa san lọ́dún tó ń bọ̀?

Bí ọkọ̀ tí oníṣòwò fi ń kó ọjà bá forí sọ nǹkan, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé, ‘Ṣebí mo ní ínṣọ́ránsì, kí wọ́n wá tún un ṣe.’ Òótọ́ ni, nítorí ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń sanwó. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í rò ni pé owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò lọ́dún yìí lè mú kí èyí tí wọ́n máa san lọ́dún tó ń bọ̀ gbẹ́nu sókè, nígbà mí-ìn sì rèé, ohun tí wọ́n máa pàdánù máa pọ̀ ju ohun tí wọ́n gbà lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀ o. Ínṣọ́ránsì tí òfin Nàìjíríà kàn nípá fún gbogbo ọlọ́kọ̀ ni third party. NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ínṣọ́ránsì, ló máa ń sọ iye rẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023, ni wọ́n ti gbé ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000, tí wọ́n sì ní ọkọ̀ tí oníṣòwò fi ń kó ẹrù ara rẹ̀ máa san ₦20,000, kẹ̀kẹ́ Maruwa ₦5,000, ọ̀kadà ₦3,000. Nítorí pé iye kan náà ni gbogbo èèyàn ń san, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kọ lu ti ẹlòmí-ìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún àti ẹni tí kò kọ lu ẹnikẹ́ni, iye kan náà ni wọ́n ń san. Ṣùgbọ́n third party kì í tún ọkọ̀ ẹni tó ra á ṣe, ti ẹni tí wọ́n kọ lù ló ń tún ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni èyí tí wọ́n ń pè ní comprehensive, tó máa ń tún ọkọ̀ olówó ṣe, tó sì ń sanwó rẹ̀ bí olè bá gbé e. Ìdá kan nínú iye tí ọkọ̀ bá tó ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Nínú ìwé àṣẹ tí NAICOM gbé jáde lórí owó tuntun ti 2023 yẹn, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ẹ̀dínwó kúrò. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ iye tirẹ̀ lókè ibẹ̀.

Ẹ̀dínwó tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní no-claim bonus, ìyẹn èyí tí wọ́n ń yọ fún ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn láàárín ọdún kan.

Ká ní bọ́ọ̀sì kékeré tí obìnrin kan fi ń pín omi inú ike kiri Ìbàdàn tó ₦8 mílíọ̀nù. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń gba náírà mẹ́fà àti kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦500,000. Nítorí pé kò gbowó lọ́dún tó kọjá, wọ́n yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ó wá san ₦400,000. Lọ́jọ́ kan, dírẹ́bà rẹ̀ fẹ̀yìn rìn lọ gbá ògiri. Bọ́ńpà fọ́, iná ẹ̀yìn kan fọ́, panel beater ní ₦130,000 ni gbogbo ẹ̀. Ó wà nínú ìwé àdéhùn pé ₦50,000 àkọ́kọ́ nínú àtúnṣe èyíkéyìí, ọlọ́kọ̀ ló máa gbé e. Excess ni wọ́n ń pe ìyẹn. Nítorí náà, ₦80,000 péré ló máa kàn án lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọdún bá yípo, ẹ̀dínwó á wọlé padà, ₦500,000 ni wọ́n máa bi í. Ó gba ₦80,000, ó pàdánù ₦100,000. Ká ní ó ti fi owó ara rẹ̀ tún bọ́ńpà ṣe ni, ìbá ti jèrè ₦20,000, yàtọ̀ sí wàhálà lílọ-bíbọ̀ àti ọjọ́ tí ọkọ̀ fi jókòó tí kò ṣiṣẹ́.

Bó bá jẹ́ pé ìjàǹbá ńlá ni, tí àtúnṣe jẹ́ ₦2.5 mílíọ̀nù, kò sí ohun tí èèyàn ń rò. Kó lọ gba owó rẹ̀. Ìdí tí ínṣọ́ránsì fi wà nìyẹn.

Ó dáa kí ọlọ́kọ̀ mọ̀ pé ẹ̀dínwó àìgbowó ni bonus yìí, kì í ṣe ẹ̀dínwó àìjẹ̀bi. Bí ẹlòmí-ìn bá tẹ̀lé yín lẹ́yìn tó wá gbá yín, tẹ́ ẹ sì gba owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tiyín, ẹ̀dínwó yín lè lọ bẹ́ẹ̀, àfi bí ilé iṣẹ́ yín bá rí owó náà gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ̀bi. Ìdí nìyí tó fi sàn kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá ilé iṣẹ́ ẹni tó gbá yín. Third party ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni lè san tó ₦3 mílíọ̀nù fún dúkìá tó bà jẹ́. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ àti ìwé rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lè tẹ *565*11# lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ìwé náà jẹ́ ojúlówó, torí ìwé ayédèrú pọ̀ nígboro ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Àwọn tó ní ju ọkọ̀ kan lọ ló tún yẹ kí wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí ọkọ̀ mẹ́rin bá wà lábẹ́ ìwé kan, àpapọ̀ ni ilé iṣẹ́ máa ń wò. Ká ní oníṣòwò san ₦1.6 mílíọ̀nù lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n sì ti san ₦1.2 mílíọ̀nù fún un láàárín ọdún, á jẹ́ pé kọ́bọ̀ márùndínlọ́gọ́rin ti lọ nínú náírà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó san owó òṣìṣẹ́ àti ti alágbàtà. Wọn ò ní wò ó pé dírẹ́bà kan ṣoṣo ló fa gbogbo ẹ̀, orí ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n máa fowó lé. Ẹlòmí-ìn á ti yí dírẹ́bà padà kó tó di pé ó yí ilé iṣẹ́ adójútòfò padà, ìyẹn sì bọ́gbọ́n mu.

Àmọ́ kéèyàn má gbowó yàtọ̀ sí kéèyàn má sọ. Bí ìjàǹbá bá kan ẹlòmí-ìn, pàápàá bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yín kíá, kódà bẹ́ ẹ bá ti bá ara yín parí ẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tẹ́ ẹ fún ní ₦20,000 lónìí lè gbé lọ́yà wá lóṣù mẹ́ta sí i, ilé iṣẹ́ sì lè ní àwọn ò mọ̀ sí i. Bákan náà, ẹni tó bá kó lọ sí ilé iṣẹ́ mí-ìn nítorí owó tó wọ́n máa bá ìbéèrè pàdé nínú fọ́ọ̀mù nípa ìjàǹbá àtẹ̀yìnwá. Bó bá purọ́ níbẹ̀, ọjọ́ tó bá fẹ́ gbowó ni wọ́n máa rí i. Ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ni kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ àtijọ́, kó fi dunàá dúrà níbi tuntun.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà tí owó bá lé ni owó téèyàn gbà ló fà á. Látìgbà tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, owó ọkọ̀ tokunbo àti ti ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti lọ sókè gan-an. Bí iye tí ọkọ̀ tó bá gòkè, owó ínṣọ́ránsì rẹ̀ á gòkè tẹ̀lé e. Àwọn kan máa ń fi iye àtijọ́ sílẹ̀ kí owó lè kéré. Ọkọ̀ tó tó ₦8 mílíọ̀nù, wọ́n á kọ ₦4 mílíọ̀nù. Bí olè bá gbé e, kò lè ju ₦4 mílíọ̀nù yẹn lọ tí wọ́n máa gbà, wọ́n á tún yọ excess níbẹ̀.

Kí ọjọ́ àtúnsan tó pé, nǹkan bí oṣù kan sí i, ni kí ọlọ́kọ̀ ti béèrè lọ́wọ́ alágbàtà rẹ̀ iye tí owó jẹ́ kí wọ́n tó yọ ẹ̀dínwó, iye tí ẹ̀dínwó náà jẹ́, àti iye tí excess jẹ́. Láti ọdún 2013 ni NAICOM ti fọwọ́ líle mú un pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò tíì ní ínṣọ́ránsì, nítorí náà, kò sí pé ‘ẹ jẹ́ kí n rọ́jà tà ná’ níbẹ̀.