Ṣíìpù Àwòrán Tuntun Inú Láàpútọ́ọ̀pù Géèmù

Nípa ẹ̀kọ́ yìí

Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà
Kíláàsì: SS 2
Ìlú: Ọ̀fà, ìpínlẹ̀ Kwara
Àkókò: píríọ́dù méjì tó tẹ̀ léra

Èròǹgbà

Bí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè dúró níwájú ẹni tó ń ta láàpútọ́ọ̀pù, kó sì bi í ní ìbéèrè tó nítumọ̀. Kó mọ iṣẹ́ tí ṣíìpù àwòrán ń ṣe. Kó mọ ìdí tí láàpútọ́ọ̀pù méjì tó ní ṣíìpù olórúkọ kan náà fi lè yàtọ̀ síra gan-an. Kó sì lè ṣírò bóyá iná ilé wọn lè gbé e. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló jẹ mí lógún jù, torí àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ náà kì í bá wa sọ ọ́.

Ohun èlò

Láàpútọ́ọ̀pù kan tó ní ṣíìpù NVIDIA, bí a bá rí ẹni yá wa. Láàpútọ́ọ̀pù mìíràn tí kò ní in. Ṣájà àwọn méjèèjì. Awò kan tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Bí a kò bá rí láàpútọ́ọ̀pù yá, ṣájà nìkan tó iṣẹ́ ṣe.

Ohun tí wọ́n ti mọ̀

Wọ́n ti kọ́ nípa CPU àti RAM. Wọ́n ti pàdé wáàtì, fóòtì àti áńpì nínú físíìsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti sanwó gbá bọ́ọ̀lù lórí PlayStation ní ṣọ́ọ̀bù géèmù.

Ìfáàrà

Bi wọ́n pé: nígbà tí ẹ bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀rọ, ta ló ń ya koríko pápá, òjìji agbábọ́ọ̀lù àti èrò tó ń pariwo lẹ́yìn? Jẹ́ kí wọ́n jiyàn díẹ̀. Àwọn kan yóò ní inú díìsìkì ni àwòrán náà wà, bíi ti fíìmù. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán fíìmù ti wà nílẹ̀ kí a tó wò ó. Ti géèmù kò sí níbì kankan títí ọwọ́ yóò fi tẹ bọ́tìnnì. Ìrísí àti àwọ̀ àwọn nǹkan nìkan ló wà nínú díìsìkì, ẹ̀rọ ló ń ya gbogbo ìran náà lákọ̀tun, lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i, ní kíá.

Iṣẹ́ tí ṣíìpù àwòrán ń ṣe

Kọ èyí sí pátákó: 1920 × 1080 = 2,073,600. Iye àmì tíńtìntín tó wà lójú ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù nìyẹn, àwọn àmì tí à ń pè ní píìsẹ́lì. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi awò wò ó fúnra wọn. Bí géèmù bá ń yí àwòrán padà ní ìgbà díẹ̀ jù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, á máa fọ́ bí fíìmù àtijọ́. Ohun tí àwọn eléré ń fẹ́ ni ó kéré tán ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí wọ́n fi 60 sọ iye òkè yẹn di púpọ̀: 124,416,000. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ àwọ̀ tó yẹ, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, ohun tó wà níwájú àti ohun tó sápamọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

CPU gbọ́n, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ kò pọ̀. Mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, bóyá mẹ́rìnlélógún. Bí a bá ní oko ńlá tí igbó ti kún, akọni méjì kò lè ro ó tán lọ́jọ́ kan; ọ̀wẹ̀ la máa ń bẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó wá sí ọ̀wẹ̀ lè má lágbára tó akọni, àmọ́ olúkúlùkù mú poro tirẹ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ á sì mọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọ̀wẹ̀ ni GPU, ìyẹn ṣíìpù àwòrán. RTX 5090 ti láàpútọ́ọ̀pù, ṣíìpù ilé iṣẹ́ NVIDIA, ní òṣìṣẹ́ 10,496, tí wọ́n ń pè ní CUDA core. Ó sì ní RAM tirẹ̀ lọ́tọ̀, GB 24, tí à ń pè ní VRAM, kó má baà máa lọ tọrọ lọ́dọ̀ CPU.

Má ṣe kánjú kúrò níbí. Ẹni tí kò bá lóye pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kékeré ni wọ́n ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó kù yóò kàn dà bí òògùn lójú rẹ̀.

Ibi tó ti wá

Ọdún 1993 ni Jensen Huang, Chris Malachowsky àti Curtis Priem dá NVIDIA sílẹ̀ ní Kalifọ́níà. Ní 1999 wọ́n gbé GeForce 256 jáde, wọ́n sì pè é ní GPU. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni GeForce2 Go dé fún láàpútọ́ọ̀pù. NVIDIA ló ń ya àwòrán ṣíìpù náà, ilé iṣẹ́ TSMC ní Taiwan ló ń bá a ṣe é.

Ohun kan wà níbí tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fọkàn sí, nítorí àwọn òbí tó ń bínú sí géèmù kò gbọ́ ọ rí. Ní 2012, Alex Krizhevsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto fi káàdì géèmù méjì, GTX 580, kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá àwòrán mọ̀. Wọ́n borí nínú ìdíje ImageNet pẹ̀lú àlàfo ńlá. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún eré lè kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́gbọ́n. Ìlà kan náà ni géèmù àti AI òde òní ti ṣẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní 2025, ní Las Vegas, Huang kéde ìran ṣíìpù RTX 50. Láti òpin oṣù kẹta ọdún náà ni àwọn láàpútọ́ọ̀pù tó gbé e ti ń dé ọjà.

Orúkọ kan náà, agbára ọ̀tọ̀tọ̀

Pín pátákó sí méjì. Apá kan, RTX 5090 ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì: òṣìṣẹ́ 21,760, VRAM GB 32, wáàtì 575. Apá kejì, RTX 5090 ti láàpútọ́ọ̀pù: òṣìṣẹ́ 10,496, VRAM GB 24, wáàtì 95 sí 150. Ṣíìpù kejì kò tó ìdajì àkọ́kọ́, kódà ṣíìpù mìíràn ni nínú, síbẹ̀ 5090 ni wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi owó gọbọi ra nǹkan yẹ kó mọ ohun tó rà láti ara orúkọ rẹ̀.

Wáàtì tún ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe rò lọ. RTX 5060 ti láàpútọ́ọ̀pù lè gba wáàtì 45, ó sì lè gba 100. Ẹni tó ṣe láàpútọ́ọ̀pù ló ń yan èyí tó wù ú. Èyí tó tín-ín-rín, tó fúyẹ́, kò ní fáànù tó lè tu ooru 100 wáàtì, nítorí náà wọ́n á dín iná rẹ̀ kù. Orúkọ kan, iye òṣìṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń sáré, èkejì ń rìn.

Iṣẹ́ ọwọ́: lórí láàpútọ́ọ̀pù tí a yá, ṣí NVIDIA Control Panel, lọ sí System Information, kí wọ́n wá iye wáàtì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ka ohun tó wà lára ṣájà méjèèjì, kí wọ́n fi fóòtì sọ áńpì di púpọ̀. Ṣájà kékeré: 19.5 × 3.34, wáàtì 65. Ṣájà géèmù ńlá: 20 × 16.5, wáàtì 330. Jẹ́ kí wọ́n gbé méjèèjì lọ́wọ́ wò.

Àwòrán tí ẹ̀rọ ṣírò, àti èyí tó méfò

Lọ́jọ́ ìkéde RTX 50, Huang sọ pé RTX 5070 ti orí tábìlì, tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 549, yóò ṣe bíi RTX 4090, èyí tó lágbára jù nínú ìran tó ṣáájú. Ó sọ pé AI ló mú un ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ ká tú u. DLSS 4, ètò AI ti NVIDIA, lè jẹ́ kí géèmù ṣírò àwòrán kan ní tòótọ́, kí AI wá fi mẹ́ta tó méfò tẹ̀ lé e. Òǹkà á wá sọ pé àwòrán mẹ́rin ti kọjá. Ojú rí ìrọ̀rùn rẹ̀ lóòótọ́, n kò sì ní sọ pé ẹ̀tàn ni. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta yẹn kò mọ̀ pé o ti tẹ bọ́tìnnì. Àwòrán tí géèmù ṣírò nìkan ló ń dá ọwọ́ lóhùn. Nígbà tí ẹ bá rí iye ńlá nínú ìpolówó, ẹ bèèrè pé mélòó ni wọ́n ṣírò, mélòó ni wọ́n méfò.

Bí iná bá lọ ní Ọ̀fà

Bátìrì láàpútọ́ọ̀pù kì í sábà ju 99 wáàtì-wákàtí lọ, torí òfin ọkọ̀ òfuurufú kò fẹ́ kí a gbé èyí tó ju 100 wọlé láìgba àṣẹ. Bí ẹ̀rọ bá ń jẹ wáàtì 200, bátìrì yẹn kò lè gbé e ju ìdajì wákàtí lọ. Láàpútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tó fi máa ń fún ṣíìpù ní iná díẹ̀ gbàrà tí ṣájà bá ti kú. Agbára tí a rà ní mílíọ̀nù kò sí níbẹ̀ mọ́ títí iná yóò fi dé.

Ẹ jẹ́ ká gbé ínfátà wò. Bátìrì 12 fóòtì, 200 áńpì-wákàtí: 2,400 wáàtì-wákàtí. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí gẹ́ẹ̀lì, ìdajì rẹ̀ nìkan ló yẹ ká lò kó má baà tètè bàjẹ́. Bí láàpútọ́ọ̀pù bá ń jẹ wáàtì 300, 1,200 pín sí 300: wákàtí mẹ́rin, bí fáànù àti gílóòbù kò bá sí lórí rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ń gbé nǹkan bí 650 wáàtì. Láàpútọ́ọ̀pù yìí nìkan yóò gba nǹkan bí ìdajì.

Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ó ń wọ inú fáànù, ó ń dí ihò ooru. Ṣíìpù tó bá gbóná jù yóò dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbé láàpútọ́ọ̀pù lé orí bẹ́ẹ̀dì náà ń dí ihò yẹn.

Owó

Ní 2025, owó láàpútọ́ọ̀pù RTX 5090 bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 2,899 ní Amẹ́ríkà. Ní ₦1,500 sí dọ́là kan, ₦4,348,500 nìyẹn, láì tíì ka owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè ẹni tó ń tà á. Ṣáájú oṣù kẹfà 2023, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bí ₦460, ₦1,333,540 ni ì bá jẹ́. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìpín náà: ó lé ní oṣù 62, láìjẹ, láìmu.

Ohun tí a nílò ní tòótọ́

Abiola Olaniran, tó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dá Gamsole sílẹ̀ ní 2012; géèmù orí fóònù ni wọ́n ṣe. Hugo Obi ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Maliyo Games ní Èkó lọ́dún kan náà. Fóònù ló wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ Ọ̀fà tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ṣe géèmù lè gba Godot, ètò tí a fi ń ṣe géèmù, lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí. Ó lè gba Blender, ètò tí a fi ń ya àwòrán, lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì lè fi láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ṣíìpù rẹ̀ ní VRAM GB 4 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdánwò JAMB kò tilẹ̀ nílò ṣíìpù àwòrán kankan. Tí ọmọ bá ti ń ya fíìmù kàtúùnù tó gùn, tàbí tó ń kọ́ AI, tí ṣíìpù kékeré sì ń dá a dúró lójoojúmọ́, ìgbà yẹn ni kí ó wá nawó. Èmi a bá a bẹ àwọn òbí rẹ̀.

Ìgbéléwọ̀n

1. Kí ló dé tí òṣìṣẹ́ 10,496 tí kò lágbára fi ya àwòrán yá ju òṣìṣẹ́ 16 tó lágbára lọ?
2. Ẹnìkan ń ta láàpútọ́ọ̀pù RTX 5060 méjì fún ọ. Ìbéèrè wo lo máa kọ́kọ́ bi í?
3. Òǹkà géèmù ń fi àwòrán 160 hàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, DLSS 4 sì ń fi mẹ́ta kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mélòó ni ẹ̀rọ ṣírò?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ka ohun tó wà lára gbogbo nǹkan tó ń lo iná nílé yín, kí o ṣàkójọ wáàtì wọn, kí o sì kọ iye wákàtí tí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ yín lè gbé wọn pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù 300 wáàtì. Lẹ́yìn náà, ya ètò géèmù ìjàkadì kan sórí ìwé, nítorí ìjàkadì ni orò Ọ̀fà: oníjàkadì méjì, ìlù, èrò tó yí wọn ká. Fa ìlà sábẹ́ àwọn nǹkan tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tún yà ní gbogbo ìgbà, kí o sì fi àmì sí àwọn tó lè dúró sójú kan. Ẹ mú un wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.