Iṣẹ́ Tí Oníbàárà Kì í Rí: Ẹ̀kọ́ Lórí Pọ́ǹpù Tí Ń Fa Afẹ́fẹ́ Inú Fìríìjì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti sanwó àtúnṣe fìríìjì kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mélòó kan. Oníṣẹ́ dé, ó jó páìpù pọ̀, ó fi gáàsì sí i, fìríìjì tutù, a sì dúpẹ́. Kò pẹ́, ó tún gbóná. A óò ní gáàsì ayédèrú ni, tàbí pé iná mànàmáná ló bà á jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà láàárín jíjó páìpù àti fífi gáàsì sí i, tí ó rọrùn láti fò kọjá nítorí pé ojú oníbàárà kò tó o. Iṣẹ́ náà ni fífa afẹ́fẹ́ àti omi kúrò nínú páìpù. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni pọ́ǹpù tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní vacuum pump.

Ní Àgídìngbì, níbi tí ilé iṣẹ́ Cadbury àti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Èkó wà, títí dé Ògbà àti Agége, àwọn ọ̀dọ́ ń fi títún fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe jẹun. Afẹ́fẹ́ Èkó kún fún ọ̀rinrin nítorí òkun àti ọ̀sà. Bí a bá ṣí páìpù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ péré, ọ̀rinrin náà ti wọlé. Afẹ́fẹ́ lásán ń gba ààyè gáàsì, ó sì ń mú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ṣe làálàá ju bó ti yẹ lọ. Omi ló burú jù: ó ń di yìnyín ní ẹnu páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí gáàsì ń gbà kọjá, ó sì ń dí i. Ó tún ń bá gáàsì àti ọ́ìlì pò di ásíìdì, èyí tí í ba wáyà inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́ títí yóò fi jó.

Báwo ni pọ́ǹpù ṣe ń gbé omi jáde? Omi ń hó ní ìwọ̀n 100 Celsius nítorí pé afẹ́fẹ́ ayé ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Agbára ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí tó 760,000 micron ní etí òkun. Bí pọ́ǹpù bá fà á wálẹ̀ dé nǹkan bí 32,000, omi yóò hó ní ìwọ̀n 30, èyí tí kò ju ooru ọ̀sán Èkó lọ. Láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, omi di oru, pọ́ǹpù sì fà á jáde. Àní, pọ́ǹpù ló ṣáájú fìríìjì: ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, William Cullen ará Scotland fi irú rẹ̀ mú kí ether hó títí òtútù rẹ̀ fi sọ omi di yìnyín.

Láyé R12, àwọn kan máa ń tú gáàsì díẹ̀ sínú páìpù kí ó lè ti afẹ́fẹ́ jáde. Gáàsì yẹn ló ń ba òsónì ojú ọ̀run jẹ́, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ṣe àdéhùn Montreal ní 1987. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1988. Ọ́ìlì tí a ń lò pẹ̀lú R134a tó rọ́pò rẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra ju ti àtijọ́ lọ. Nítorí náà, títú gáàsì dànù kò tó mọ́, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àlòkù kò sì lè ṣe iṣẹ́ pọ́ǹpù dáadáa.

Bí a ti ń lò ó nìyí. Kí a kọ́kọ́ fi nitrogen wá ibi tó ń jò. A kò gbọdọ̀ lo oxygen láé, nítorí bí ó bá pàdé ọ́ìlì, ó lè bú gbàmù. Kí a so họ́ọ̀sì, kí a wo ọ́ìlì pọ́ǹpù, kí a sì fà á títí géèjì micron yóò fi dé 500. Géèjì ni kí a gbà gbọ́, kì í ṣe aago. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Lẹ́yìn náà, kí a ti fáfù kí a tó pa pọ́ǹpù, kí a sì máa wo géèjì. Bí ó bá ń gòkè láìdúró, ó ń jò. Bí ó bá gòkè díẹ̀ tí ó sì dúró, omi ṣì kù níbẹ̀. Bí iná NEPA bá lọ lójijì, kí a sáré ti fáfù, kí ọ́ìlì pọ́ǹpù má baà fà wọ inú fìríìjì. Bí gáàsì náà bá jẹ́ R600a, tí í gbiná, ìta gbangba ni kí a ti ṣiṣẹ́, kí iná kankan má sì sí nítòsí.

Olúwa wa fi ilé tí a gbá mọ́ tí a sì fi sílẹ̀ lófo ṣe àkàwé fún wa. Bẹ́ẹ̀ ni páìpù yìí rí: bí a bá ti gbọ́n ọn gbẹ, kí a tètè fi gáàsì kún un, ní ìwọ̀n tí a kọ sára fìríìjì gan-an.

Ìtọ́jú pọ́ǹpù kò le. Ọ́ìlì rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀. Kí a dà á nù nígbà tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a sì fi ọ́ìlì tí a ṣe fún pọ́ǹpù rọ́pò rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ọ́ìlì kọ́ o. Kí a dé ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kí a sì gbé e dúró ṣánṣán bí a bá ń gbé e lọ lórí ọ̀kadà.

Ẹ̀yin òbí, àwa oníbàárà náà ní ẹ̀bi tiwa. Bí a bá ń ná owó oníṣẹ́ títí tí kò fi ku ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀, wákàtí tí pọ́ǹpù yẹ kó lò ni yóò kọ́kọ́ gé kúrò. Ẹ jẹ́ kí a béèrè pé kí ó fi géèjì hàn wá, kí a sì san owó àkókò náà fún un. Bí ọmọ yín bá sì ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe rò pé ó rẹlẹ̀ sí ti yunifásítì: fìríìjì tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wa wà nínú rẹ̀, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ní ń tún un ṣe. Nígbà tí fríídọ̀mù rẹ̀ bá tó, ẹ ra pọ́ǹpù àti géèjì fún un kí ẹ tó ronú kan aṣọ ẹbí.