Yan, Sun, Dín: Èdè Ìpanu Búrẹ́dì Ẹlẹ́ran

Ìpanu ni ohun jíjẹ kékeré tí kì í ṣe oúnjẹ gan-an, tí èèyàn fi ń pa ẹnu kí ìrẹsì tó dé. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìpápánu. Ní òde ìnáwó ọjọ́ Sátidé ní Satellite Town ní Èkó, àti ní Festac tó múlé tì í, "small chops" ni àwọn àlejò sábà máa ń pè é. Pọ́fù-pọ́fù, mọ́sà àti sàmósà ló máa ń kún àwo, inú òróró gbígbóná sì ni gbogbo wọn ti ń jáde. Èyí ló mú kí "dín" mọ́ ahọ́n lára. Bí alásè bá wá gbé búrẹ́dì ẹlẹ́ran tí ooru ààrò mú jinná kalẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe a dàrú: àwọn kan á ní wọ́n dín in, àwọn kan á ní wọ́n sun ún, àwọn mìíràn á kúkú ní wọ́n "béèkì" rẹ̀.

Búrẹ́dì ẹlẹ́ran kan tó lókìkí láyé ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Reuben. Àwọn kan ní Arnold Reuben ní New York ló kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn mìíràn ní Reuben Kulakofsky ni, ní ìlú Omaha, títí di òní ni wọ́n sì ń jiyàn rẹ̀. Ẹran màlúù oníyọ̀, kábéèjì kíkan, wàràkàṣì àti máyónísì tí wọ́n fi tòmátì pa láró ló máa ń wà láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di ìpanu ní àdúgbò Agboju tàbí Abúlé-Adó á fi kọ́ọ̀nbíìfù inú agolo rọ́pò ẹran náà. Kọ́ọ̀nbíìfù kò bá àgbàdo tan rárá. "Corn" inú orúkọ yẹn dúró fún hóró iyọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fi ń pa ẹran kó má bàa bàjẹ́. "Ẹran oníyọ̀" ni ìtumọ̀ tó tọ́. Bó bá jẹ́ ti inú agolo, "ẹran agolo" náà ti tó.

Kábéèjì inú Reuben náà ń fẹ́ àmì ohùn tó péye. Wọ́n á rẹ́ kábéèjì wẹ́wẹ́, bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á rẹ kábéèjì sínú iyọ̀ títí yóò fi kan, bí ògì ṣe ń kan. Àkọ́kọ́ iṣẹ́ ọ̀bẹ ni, èkejì iṣẹ́ omi ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìsí àmì ń fi òǹkàwé sílẹ̀ kó máa méfò.

Búrẹ́dì fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò. Kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, àkàrà ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá lò fún un, wọ́n sì pe ẹni tó ń ṣe é fún Fáráò ní alásè. Ibẹ̀ ni Àjọ Àìwúkàrà ti wá, ibẹ̀ náà ni ìwúkàrà ti wá, ìyẹn ohun tó ń mú ìyẹ̀fun wú. Àwọn onílé búrẹ́dì òde òní ń pè é ní yíìsì, ṣùgbọ́n ìwúkàrà kò tíì kú, ó sì dùn ún kọ sínú ìwé. Ní 1921 ni Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tó kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, bẹ̀rẹ̀ ilé búrẹ́dì ní Èbúté Mẹ́ta. Bí búrẹ́dì ṣe wọ ilé gbogbo ayé ní Èkó ni orúkọ àyálò náà borí, tí àkàrà sì padà sọ́dọ̀ ẹ̀wà lílọ̀.

Gé, bù àti là kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀bẹ ni a fi ń gé búrẹ́dì, ohun tó bá sì gé jáde ni ègé. Ọwọ́ ni a fi ń bu búrẹ́dì, bí àwọn tó ń fi búrẹ́dì Agége jẹ ẹ̀wà àgànyìn ṣe ń ṣe. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ki nǹkan sí àárín rẹ̀, wọ́n á la búrẹ́dì náà láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tó bá rún sílẹ̀ ni èérún.

Níbí ni òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń rú. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó bá ní ohùn ìsàlẹ̀, bíi là, bù, pò àti sè, máa ń gba ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: la búrẹ́dì, bu búrẹ́dì, po ìyẹ̀fun, se ọbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ló bá tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ á padà: là á, bù ú, pò ó, sè é. Gé, rẹ́ àti dín kì í yí padà ní tiwọn: gé e, rẹ́ ẹ, dín in.

Fún ìpanu náà, alásè á tẹ́ búrẹ́dì tí wọ́n ti gé sórí pátákó, á sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rí pẹrẹsẹ. Tẹ́ ni ti ẹní, tẹ̀ ni ti ọwọ́ tó ń ri nǹkan mọ́lẹ̀. Yóò fi máyónísì ra inú rẹ̀, á to ẹran, kábéèjì àti wàràkàṣì tí wọ́n ti rin sí i, á wá ká a bí ẹní. Bó bá jẹ́ búrẹ́dì lílà ni, kíkì ni wọ́n ń ki ẹran bọ inú rẹ̀. "Kì í" tó tọ́ nínú gírámà fún èyí jọ "kì í" tí a fi ń sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó sàn kí òǹkọ̀wé dárúkọ ohun tí wọ́n ń kì.

Ó wá ku iná. Dín ń fẹ́ ọ̀rá. Ìdí nìyí tí àṣírí tó bá tú fi ń jẹ́ àkàrà tó tú sépo. Sun ń fẹ́ iná gan-an, bíi ti iṣu sísun. Àsun náà gba orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, kódà bí alásè òde òní bá dín in tán, orúkọ kò yí. Yan ní tirẹ̀ ń fẹ́ ooru gbígbẹ: ẹja yíyan, ẹ̀pà yíyan. Gàrí nìkan ló fẹ́ da ètò yìí rú, torí àwọn kan ń dín in, àwọn kan ń yan án, bẹ́ẹ̀ inú agbada kan náà ló wà. Búrẹ́dì inú ààrò, ní bíi 180°C fún ìṣẹ́jú 15 títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n, yíyan ni.

Yan ní ewu tirẹ̀. "Wọ́n yan ìpanu" lè jẹ́ pé wọ́n fi ooru ṣe é, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ṣà á láàárín àwọn mìíràn, torí yàn tó túmọ̀ sí ṣíṣà ń di yan níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Arọ́pò-orúkọ ló ń là wọ́n níjà: yan án fún ti iná, yàn án fún ti ìṣàyàn.

Bó bá jinná, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sínú àwo. Ìrẹsì ni wọ́n ń bù fún àlejò. Ìpanu ẹlẹ́yọ, pínpín ni wọ́n ń pín in. Kó ní tirẹ̀ ń fẹ́ ohun tó pọ̀. Àlejò tó ní òun kó ọ̀kan ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ: ọ̀kan ni à ń mú, púpọ̀ ni à ń kó.