Ìyá Agbálẹ̀ Dà?

Sí Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìgànmú.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín. Ẹ̀ẹ̀kejì ni inú bí mi. Ẹ to àwọn tí ẹ fẹ́ kó máa pé jọ láràárọ̀ fún ìpàdé ìdúró oníṣẹ́jú mẹ́wàá yín lẹ́sẹẹsẹ: dókítà, nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé àti èyí tó ń wọlé, apòògùn, ará láàbù, akáwó. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ lókè pé lóru tí ọ́síjìn tán lórí ọmọ ọlọ́mọ, ìyá agbálẹ̀ kan ti rí i láti ìrọ̀lẹ́, nígbà tó ń sún sílíńdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè nulẹ̀, pé ọwọ́ aago rẹ̀ ti wọ pupa. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni ò sì bi í.

Ẹ wáá to orúkọ tán, ìyá yẹn ò sí níbẹ̀. “Ìyá agbálẹ̀ kan.” Ṣé kò lórúkọ ni?

Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìwé kan jáde, àtòjọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, fún yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ, Ifakara ní Tanzania wà lára wọn. Àbájáde tó jáde ní 2009 fi hàn pé iye tó ń kú wálẹ̀ láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn. Ọ̀kan nínú ohun tí ìwé náà ní kí wọ́n ṣe ni pé kí ọ̀bẹ tó kan ara, kí kálukú dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó wá ṣe. Ẹni tó bá ti la ẹnu lẹ́ẹ̀kan láàárín àwọn ọ̀gá, ẹ̀rù kì í fi bẹ́ẹ̀ bà á láti tún un là.

Mo jókòó ti àbúrò mi ní wọ́ọ̀dù kan nígbà kan, ẹ má bi mí pé níbo. Rísíkátù méjì ló wà níbẹ̀, ibùsùn wọn kọjú síra. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán ti lọ sílé, ti alẹ́ ò mọ èwo ni èwo. Ọmọkùnrin tó ń ti aláìsàn lórí àga ló pariwo: “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Rísíkátù ẹlẹ́sẹ̀ kọ́ nìyẹn o!” Abẹ́rẹ́ ti wà lókè. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un? Wọ́n bá a wí pé ó ń pariwo ní wọ́ọ̀dù.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ọ̀gá yín ní a ò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, pé àdúrà òwúrọ̀ ti tó. Èmi náà ń gbàdúrà. Àdúrà kì í bá ni ka aago sílíńdà. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní 2014, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé lọ wo àwọn tó fara kan aláìsàn ní nǹkan bí ìgbà 18,500, ohun tí wọ́n sì rí ń dé etí àwọn tó ń pàṣẹ. Ènìyàn 20 ni àìsàn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Dókítà Adadevoh wà lára wọn. Ní 20 October ọdún náà, WHO kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ṣé Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn?

Nítorí náà, bí ẹ bá ti ṣe àmín tán, kí ẹnikẹ́ni má jókòó. Ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, dókítà kó kẹ́yìn. Kí ló fẹ́ẹ̀ bàjẹ́ lánàá? Kí ló lè bàjẹ́ lónìí? Ta ni yóò tún un ṣe, di aago mélòó? Ẹ kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì fi bọ́ọ̀dù náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni wí níbẹ̀ o. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bá ẹnì kan wí, gbogbo wọn á dákẹ́.

Mo ti pariwo jù. Ẹ̀yin lẹ fi sálúbàtà sáré jáde ní aago méjì òru lọ yá sílíńdà, ẹ̀yin àti gáàdì lẹ jọ yí i bọ̀, ọmọ náà sì wà láàyè. Ṣé ẹ ti rí oorun sùn láti ìgbà náà? Ẹ sinmi ní Sátidé. Lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni jọ, ẹ lọ bá ìyá náà níbi tó ti ń nulẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ sì bi í lórúkọ.